Bí Ẹgbẹ́ Olórin Bá Yí Ohùn Padà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọmọ Yorùbá Krofrom, Kumasi

  Ọ̀rọ̀ orin ni mo bá wá, irú orin tí ọ̀pọ̀ àgbà tó wà níbí ń pè ní ariwo. Mo bẹ̀ yín, ẹ yá mi ní etí. Ariwo náà ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún sì kan àwa aláwọ̀ dúdú ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan. Bí ẹgbẹ́ olórin bá ti fi irú orin kan gba orúkọ, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti mọ ohùn yẹn mọ́ ọn, tó wá gbé àwo tuntun jáde tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, kí ni ká fi dá a lẹ́jọ́? Ṣé ká ní ó dalẹ̀ ni, àbí ká ní ó dàgbà? Mo máa sọ ìdáhùn tèmi báyìí, kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ: ẹ gbọ́ ìlù. Ẹ fi aṣọ wọn sílẹ̀, ẹ fi irun wọn sílẹ̀, ẹ fi orúkọ tí ọlọ́jà ń pe orin náà sílẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ohun tí onílù àti ẹni tó ń ta gìtá béèsì ń ṣe. Bí ìlù bá ṣì ru ìran ẹgbẹ́ náà, ilé ni wọ́n wà, bó ti wù kí gìtá wọn pariwo tó. Bí wọ́n bá ti da ìlù nù, kò sí ohun tí a ó fi dá wọn mọ̀ mọ́.

Ọdún 1986 ni mo mú wá ṣe ẹ̀rí. Lọ́dún yẹn, méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn olórin hardcore ń wárí fún jù lọ gbé àwo jáde, àwọn méjèèjì sì kọjú sí heavy metal. Bad Brains ni ọ̀kan, láti Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Discharge ni ìkejì, àwọn ọmọ òyìnbó láti Stoke-on-Trent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwo Bad Brains, tó ń jẹ́ I Against I, di ohun tí àwọn olórin tó wá lẹ́yìn fi kọ́ṣẹ́. Àwo Discharge, tó ń jẹ́ Grave New World, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹgbẹ́ tó ṣe é. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀, ibi tí wọ́n já sí ló yàtọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé orin méjèèjì, hardcore àti heavy metal, fún ẹni tí kò gbọ́ wọn rí.

Àárín àwọn ọdún 1970 ni punk bẹ̀rẹ̀ ní New York àti Lọ́ńdọ̀nù. Orin rọ́ọ̀kì àwọn ẹ̀gbọ́n ti sú àwọn ọ̀dọ́ tó dá a sílẹ̀: orin gígùn gbọọrọ, tó jẹ́ pé olówó ló lè ra irinṣẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ti kọ́ gìtá fún ọ̀pọ̀ ọdún nìkan ló lè dá a. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ ibi mẹ́ta péré tí a ń tẹ gìtá sí gòkè wá kọrin. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń wọlé, àwọn àbúrò wọn ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di eré sísá. Orin ìṣẹ́jú kan, orin ìṣẹ́jú méjì, igbe ni wọ́n fi ń kọ ọ́, onílù kò sì gbọdọ̀ mí. Hardcore nìyẹn. Inú yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú gbọ̀ngàn ìjọ, níbikíbi tí owó àyè kò bá ti wọ́n. Fúnra wọn ni wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀, fúnra wọn ni wọ́n ń kó àwo wọn kiri tà. Ẹ má gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ ni ìbínú àwọn olólùfẹ́ ti ṣẹ̀ nígbà tí ohùn yí padà.

Heavy metal ti wà ṣáájú punk, Birmingham ni wọ́n sì ti bí i, ìlú tó kún fún ilé iṣẹ́ irin. Ní ọdún 1965, ọmọ ọdún 17 kan tó ń jẹ́ Tony Iommi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ, ni ẹ̀rọ bá gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọṣọ, ó mọ ọ́n sórí ìka tó gé, ó fi awọ lé e, ó sì padà sídìí gìtá. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá náà kó lè rọrùn fún ìka náà láti tẹ̀. Okùn tó dẹ̀ kì í dún lókè, ìsàlẹ̀ ló ń dún, ó sì ń wúwo. Oṣù Èrèlé ọdún 1970 ni àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Suame Magazine, àgbègbè àwọn mẹkáníìkì, kò nílò kí n ṣàlàyé fún yín ohun tí ìró irin lórí irin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè ṣe sí etí èèyàn, tàbí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe sí ọwọ́. Ọmọ Ògún ni Iommi, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ Ògún fún un rí.

Kí ẹgbẹ́ yẹn tó di Black Sabbath, blúùsì ni wọ́n ń kọ, orin àwọn ọmọ ẹrú ilẹ̀ Mississippi tó rìn dé Chicago kó tó sọdá òkun. Nítorí náà, ẹni tó bá ní orin òyìnbó ni heavy metal, kó rọra sọ ọ́. Ìró tó wúwo kò ṣàjèjì sí wa nílé. Ẹni tó bá ti dúró nítòsí nígbà tí wọ́n ń lu gbẹ̀du fún ọba nílẹ̀ Yorùbá, tàbí tó ti lọ wo ayẹyẹ Akwasidae ní ààfin Manhyia níbí, níbi tí wọ́n ti ń ru ìlù fontomfrom lórí tí onílù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, mọ̀ pé àyà ni ìlù mìíràn ń lù kó tó dé etí.

Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọ̀tá ni àwọn ọmọ hardcore àti àwọn ọmọ metal. Àwọn onírun kúkúrú ń bú àwọn onírun gígùn, wọ́n máa ń jà bí wọ́n bá pàdé níbi eré. Bí ẹgbẹ́ hardcore kan bá fi orin rẹ̀ gùn sí i, tí ó jẹ́ kí onígìtá dá nìkan ta fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní ó ti ta ara rẹ̀ fún ọlọ́jà. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Bad Brains ti ṣe I Against I.

Mẹ́rin ni wọ́n. Paul Hudson tí gbogbo ayé mọ̀ sí H.R. ló ń kọrin. Àbúrò rẹ̀, Earl Hudson, ló ń lùlù. Gary Miller, Dr. Know, ló ń ta gìtá, Darryl Jenifer sì ni oní-béèsì. Kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ punk, jáàsì tó pò mọ́ rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, Mind Power ni wọ́n sì ń jẹ́. Èyí ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n bọ́ sínú punk ní nǹkan bí ọdún 1977, àárín àwọn tí kò tíì mọ gìtá í ta ni àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ta gan-an bọ́ sí. Ohun tó jẹ́ kí eré wọn lè yá ju ti gbogbo èèyàn lọ nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ló lè sáré tó bẹ́ẹ̀ láìṣubú.

Wọ́n wá di Rasta. Láti ìgbà náà, eré wọn pín sí ọ̀nà méjì: orin mẹ́ta mẹ́rin á sáré kọjá bí ìjì, régè á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ilé ijó Washington kò fẹ́ gbà wọ́n mọ́, wọ́n ṣí lọ New York. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1982. Rock for Light tẹ̀lé e lọ́dún 1983, Ric Ocasek ti ẹgbẹ́ The Cars ló sì bójú tó gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àárín wọn dàrú. H.R. fẹ́ kí wọ́n máa ṣe régè nìkan, Dr. Know àti Jenifer kò gbà. Wọ́n pínyà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tún padà wá.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ohùn ti yí padà. Massachusetts ni wọ́n ti gba I Against I sílẹ̀, Ron St. Germain ló dúró tì wọ́n, ilé iṣẹ́ SST sì gbé e jáde ní ìparí ọdún 1986. Orin mẹ́wàá ni, gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹni tó bá fi etí Rock for Light gbọ́ ọ máa ta gìrì. Eré ti dínkù. Dr. Know ń ta ìlà kan náà lórí gìtá léraléra, ó ń fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn mọ́lẹ̀ kí ìró má bàa gùn, bí àwọn onímetal ṣe ń ṣe. Ó ń dá nìkan ta láàárín orin. Pabambarì rẹ̀: kò sí régè kankan nínú àwo náà. Àwọn kan ní àwọn Rasta ti ta régè, àwọn olórin hardcore ti ta hardcore.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìlù. Ní régè, onílù a máa fi ìlù àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo, á wá gbá ìlù ńlá sórí ẹ̀kẹta. Àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni béèsì ń gbé. Ẹ gbé orin Re-Ignition sí i, kí ẹ fi etí sí Earl Hudson. Kò sáré. Ó gbá ìlù kan, ó jókòó sórí rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀, Jenifer sì bọ́ sínú àyè náà. Gìtá ni ẹ gbọ́ pé ó jẹ́ ti metal, ṣùgbọ́n ara yín kò ní mì sókè mì sísàlẹ̀ bí ti àwọn onímetal, ìdí yín ló máa mì. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lu régè nìkan ló lè lu metal báyẹn. Wọn ò kọ régè lórí àwo náà, ṣùgbọ́n òun ló wà nísàlẹ̀ gbogbo orin tó wà níbẹ̀. Jáàsì tí wọ́n fi pamọ́ láti ọjọ́ Mind Power náà sì jáde wá, torí pé hardcore kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó mọ gìtá láti fi ohun tó mọ̀ hàn. Metal fún un láyè. Lójú tèmi, àwo tí wọ́n ní ẹgbẹ́ náà fi sá kúrò nílé gan-an ni gbogbo ohun tí wọ́n jẹ́ ti kọ́kọ́ pàdé lójú kan.

Ohun kan wà nípa àwo yẹn tí mi ò lè fò. H.R. ní láti lọ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ igbó nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Orin kan ṣẹ́kù, Sacred Love. Orí tẹlifóònù ló ti kọ ọ́ láti inú ẹ̀wọ̀n, àwọn tó wà ní ìdí ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ohùn rẹ̀ há, ó jìnnà, kò jọ ohùn tó kọ àwọn orin yòókù. Wọ́n lè dúró dè é kó jáde. Wọ́n lè yọ orin náà kúrò. Wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì wà lára ohun tó gbé àwo náà ga jù lọ lọ́kàn mi.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà láàárín ẹgbẹ́ kan náà. Lọ́dún 1989 wọ́n ṣe Quickness, èyí tó súnmọ́ metal ju I Against I lọ. Gìtá rẹ̀ lágbára, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n Earl Hudson kọ́ ló lùlù nínú rẹ̀, Mackie Jayson tó ti lùlù fún ẹgbẹ́ Cro-Mags ni. Onílù gidi ni Mackie, mi ò bù ú kù. Síbẹ̀, àyè tí Earl máa ń fi sílẹ̀ yẹn, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Àwo méjèèjì ní gìtá kan náà àti béèsì kan náà, èyí àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Wàyí o, Discharge. Lọ́dún 1982 wọ́n ṣe àwo kan, Hear Nothing See Nothing Say Nothing, lórí ogun àti bọ́ǹbù átọ́míìkì tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo Yúróòpù nígbà náà. Ìlù inú rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà pè é. D-beat ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé, láti Sweden títí dé Japan, àwọn ẹgbẹ́ tó ń lu ìlù yẹn nìkan, tí wọn ò lu òmíràn, kò lóǹkà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Discharge fúnra wọn gbé Grave New World jáde, wọ́n sì yọ ìlù yẹn kúrò. Eré rọ̀, olórin wọn, Cal, tí igbe rẹ̀ ti ń dá èèyàn níjì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tínrín kọrin lókè bí àwọn olórin metal tó ń kun ojú. Kò sí ohun tó kù tí ẹni tó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ lè dì mú. Àwọn olólùfẹ́ kọ̀ wọ́n, wọ́n hó lé wọn lórí níbi eré.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìlù tí Discharge sọ nù kí àwọn onímetal lè gbà wọ́n gan-an ni àwọn onímetal ń fẹ́ lára wọn. Metallica, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ metal tó tà jù lọ láyé, tún orin Discharge méjì kọ sínú Garage Inc. lọ́dún 1998, ọ̀kan láti inú àwo 1982 tí mo dárúkọ, èkejì láti inú àwo kékeré ọdún 1984, ṣáájú Grave New World. Wọn kò mú orin kankan nínú Grave New World.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù. Corrosion of Conformity, Suicidal Tendencies, Agnostic Front, gbogbo wọn gba ọ̀nà kan náà láàárín ọdún 1985 sí 1988. D.R.I. tilẹ̀ sọ àwo wọn ti 1987 ní Crossover, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ń pe gbogbo ìran orin náà títí dòní. Àwọn kan dára, àwọn kan kò dára. Èyí tó tọ́ka sí ọ̀dọ̀ wa jù ni ti Living Colour, àwọn aláwọ̀ dúdú New York tí àwo wọn Vivid jáde lọ́dún 1988. Onígìtá wọn, Vernon Reid, wà lára àwọn tó dá Black Rock Coalition sílẹ̀ lọ́dún 1985, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ orin ń sọ fún aláwọ̀ dúdú pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiyín. Bad Brains ti la ọ̀nà yẹn ṣáájú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Àwọn kan lára yín á máa sọ lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Kumasi yìí kí Bad Brains tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ìlú orin ni ìlú yìí. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni A. K. Badu dá ilé iṣẹ́ Ambassador sílẹ̀ níbí, tí wọ́n ti ń tẹ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Áfíríkà ṣì ń rán ohùn wọn lọ sókè òkun. Dókítà K. Gyasi àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Noble Kings, wà lára àwọn tó gbé orúkọ Kumasi lọ jìnnà. Ẹgbẹ́ onígìtá ni wọ́n. Nígbà náà, ọ̀nà méjì ni háíláìfù pín sí, gbogbo èèyàn ló sì mọ ààlà rẹ̀. Ẹgbẹ́ onífèrè jẹ́ ti ilé ijó ńláńlá, ti àwọn tó ń wọ kóòtù. Ẹgbẹ́ onígìtá jẹ́ ti ìgbèríko, ti ilé ẹmu, ti àwọn tó ń ṣe eré oníṣe kiri. Lọ́dún 1974, K. Gyasi gbé Sikyi Highlife jáde lábẹ́ Essiebons, ilé iṣẹ́ Dick Essilfie-Bondzie. Ó kó dùùrù àti fèrè wọnú ẹgbẹ́ onígìtá. Orin náà kì í dúró, ọ̀kan ń wọnú èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ojú àwo. Eric Agyeman, tí yóò di ọ̀gá nídìí gìtá láìpẹ́ sí i, wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ẹni tó bá fi ojú ọlọ́jà wò ó máa ní K. Gyasi ti fi ẹgbẹ́ onígìtá sílẹ̀ ó ti lọ bá àwọn onífèrè. Ẹ gbọ́ ìlù. Sikyi ni. Ijó àwọn ọ̀dọ́ Asante ni sikyi, èyí tí ọkùnrin àti obìnrin fi ń wo ara wọn lójú, ó sì ti wà nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ta gìtá oníná ní Kumasi. Bí dùùrù àti fèrè ṣe ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú, bẹ́ẹ̀ ni K. Gyasi ń gba ẹ̀yìnkùlé mú ìlù àwọn bàbá rẹ̀ wọlé. Àwo náà tún jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí àwọn olùfẹ́ háíláìfù níbi gbogbo ń wá rà.

Àwa Yorùbá náà ti ṣe é. I. K. Dáíró gbé àkọ́díọ̀nù bọnú jùjú, kò sì sẹ́ni tó lè ní kì í ṣe jùjú, nítorí pé gángan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Sunny Adé fi gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, èyí tí àwọn ará Hawaii àti àwọn darandaran Amẹ́ríkà ń ta, lé Adémọ́lá Adépọ̀jù lọ́wọ́, nígbà tí àwo rẹ̀ Juju Music sì jáde lọ́dún 1982, ìró gìtá yẹn ni òyìnbó kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn tó mọ ilé mọ̀ pé ìlù ni gìtá náà ń jó sí. Fẹlá nìkan ni mo lè pè ní ẹni tó yí ìlù fúnra rẹ̀ padà tó sì yè é: ó fi háíláìfù àti jáàsì ti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò Amẹ́ríkà ti 1969. Ṣùgbọ́n Tony Allen ni onílù tó bá a lọ, òun náà ló bá a bọ̀, ọwọ́ kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Tí ẹ bá sì fẹ́ metal gan-an lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa, ẹ má wá a jìnnà. Lomé ni Arka'n Asrafokor ń gbé, kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ láti Krofrom nínú ọkọ̀. Rock Ahavi ló ń darí wọn. Èdè Ewe, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọrin. Àwo wọn Zã Keli jáde lọ́dún 2019, Dzikkuh sì tẹ̀lé e lọ́dún 2024. Gìtá wọn wúwo tó ti ẹnikẹ́ni ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n agogo àti ìlù Ewe ló ń darí wọn. Wọn kò fi ìlù ilé ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara metal. Bí ẹ bá yọ ìlù náà kúrò, orin náà kò ní lè dúró. Mo kà wọ́n mọ́ ọmọ Bad Brains, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fojú di àwọn tó bínú sí I Against I nígbà náà. Ìbínú wọn ní ìdí. Hardcore ti fún àwọn tí kò lówó ní àyè láti dá orin sílẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tó bá ní gìtá àlòkù lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lónìí kó ṣe eré lọ́la. Nígbà tí orin wá ń béèrè ọwọ́ tó mọṣẹ́, ẹ̀rọ tó dára àti ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó wọ́n, ilẹ̀kùn náà ń tì díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìdáhùn mi sí i ni pé kí a ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, kí a má ní kí ẹni tó ti dàgbà padà di ọmọdé nítorí ti ẹni tí kò tíì wọlé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló mú mi wá síwájú yín lónìí. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1981. Òfin kónílé-ó-gbélé wọ gbogbo orílẹ̀-èdè títí di 1984. Orin alẹ́ kú. Àwọn ẹgbẹ́ túká, àwọn tó lè rìn lọ Jámánì, ibẹ̀ sì ni George Darko ti kọ háíláìfù tuntun rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ Jámánì lọ́dún 1983. Orin náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ Kumasi ì bá ti fi dùùrù àti fèrè ṣe ká ní wọ́n rí ibi jókòó sí. Ẹgbẹ́ tí kò ní ibi tí yóò ti lùlù kò lè yí ohùn padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró sójú kan.

Lónìí, àwọn ọmọ Kumasi ti mú orin ráàpù tó ń jẹ́ drill, tó rìn láti Chicago dé Lọ́ńdọ̀nù àti Brooklyn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn, Asakaa ni wọ́n ń pè é. Orin Sore tí Yaw Tog àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2020 fò dé ọ̀dọ̀ olórin ráàpù Stormzy ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì bá wọn tún un kọ lọ́dún 2021. Àwọn ọmọ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí níbí, wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé gìtá tó ń hó wálé lọ́la, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí lorúkọ orin yìí. Ẹ bi í pé ìlù ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sì mọ̀, ẹ kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin àgbà tó ni gbọ̀ngàn tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣófo lálẹ́: ẹ yá àwọn ọ̀dọ́ ní àyè náà ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa lùlù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí àwo K. Gyasi, ti Dáíró, ti Sunny Adé ṣì wà nínú àpótí yín, ẹ gbé wọn jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wọn. Ẹ̀yin onílù tí ẹ mọ dùndún, tí ẹ mọ bàtá, tí ẹ mọ sikyi, ẹ lọ jókòó ti àwọn ọmọ onígìtá wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ́ wọn lówó pọ́ọ́kú.